Àwọ̀ Lára Ère: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Mú Un Bá Ara Mu

Nígbà tí gbẹ́nàgbẹ́nà bá ti fi àáké la igi, tí ó sì ti fi ọ̀bẹ yọ ojú, imú àti ẹnu lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ku àwọ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, láti Ìlaròó àti Ìmẹ̀kọ títí dé Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, ère Gẹ̀lẹ̀dé kì í sábà jáde sí agbo ijó láìjẹ́ pé a ti kùn ún. Bí ọdún bá sì yípo, a ó tún un kùn kí ó tó tún jáde. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà kò ka àwọ̀ sí ẹ̀ṣọ́ lásán. Apá kan iṣẹ́ ère ni.

Síbẹ̀, àwọ̀ ni ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà kì í sábà bèèrè nípa rẹ̀. Wọn a wo bí a ti gbẹ́ ère, wọn a wọn gíga rẹ̀, wọn a bèèrè orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí àwọ̀ bá ti ṣí kúrò lára rẹ̀, wọn a gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa sọ pé ọ̀dà inú agolo ti ba iṣẹ́ àwọn baba wa jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń darí ọwọ́ ẹni tí ó ń kun ère: irú àwọ̀ wo ni ó ní, kí ni ó fi ń yàn án, báwo ni ó sì ṣe ń mú ọ̀kan bá èkejì mu?

MẸ́TA NI ORÍ ÀWỌ̀

Àwọ̀ pàtàkì mẹ́ta ni èdè Yorùbá sọ lórúkọ: funfun, pupa àti dúdú. Àwọ̀ yòókù a máa gba orúkọ lọ́wọ́ ohun tí ó bá jọ: àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, àwọ̀ eérú, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ojú ọ̀run. Abẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà sì ni olúkúlùkù wọn wà. Ìyeyè tí ó pọ́n, epo, idẹ àti erùpẹ̀ ojú ọ̀nà, pupa ni gbogbo wọn lẹ́nu àwọn àgbà. Aró, èédú àti ewé tí ó gbó dáadáa, dúdú ni wọ́n.

Àwọn àlejò kan ti rò pé àìtó ọ̀rọ̀ ni èyí. Ní ọdún 1969, àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Brent Berlin àti Paul Kay, tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n fi ṣe àfiwé orúkọ àwọ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè ayé. Èrò wọn ni pé èdè tí ó bá ní orúkọ àwọ̀ méjì péré, dúdú àti funfun ni yóò jẹ́. Bí ó bá sì di mẹ́ta, pupa ni ẹ̀kẹta. Nítorí náà, Yorùbá kò dá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bákan náà, ẹni tí ó pe aró àti ewé ní dúdú kò ṣàìrí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn. Ìyá aláró tí ó ń ti aṣọ bọ inú ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró bí aṣọ kò bá gbọdọ̀ dúdú jù.

Fún ẹni tí ó ń kun ère, àǹfààní ńlá ni ó wà nínú orúkọ mẹ́ta yìí. Kì í ṣe irú àwọ̀ nìkan ni wọ́n ń sọ. Wọ́n tún ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ tó lára nǹkan. Funfun ni ó ń ju ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú ẹni. Dúdú ni ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Pupa wà láàrin wọn, ó sì ní ooru tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ti lè pín ohun gbogbo tí ó wà lára ère sí ọ̀nà mẹ́ta yìí ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ kí ó tó ṣí agolo ọ̀dà kankan. Kì í ṣe lásán ni àwọn àgbà fi ẹyẹ mẹ́ta ṣe àpẹẹrẹ àwọ̀ mẹ́ta: agbe fún aró, àlùkò fún osùn, lékeléke fún ẹfun.

OHUN TÍ A FI Ń KÙN

Kí ọ̀dà òyìnbó tó dé, inú ilẹ̀ àti inú igbó ni àwọ̀ ti ń wá. Ẹfun jẹ́ amọ̀ funfun tí a wà jáde, tí a sì lọ̀ kúnná. Osùn jẹ́ igi pupa tí a ń fi omi lọ̀ lórí ọlọ títí yóò fi di ẹbọrọ pupa. Òun náà ni a fi ń pa ọmọ tuntun àti ìyá rẹ̀ lára. Wáji wá láti ara ẹlú, ewé kan náà tí àwọn aláró ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n ń sá, kí wọ́n tó fi omi eérú rẹ ẹ́ nínú ìkòkò. Àwọ̀ ewé tí ó ń lọ sí pupa rúsúrúsú ni aṣọ máa ń ní bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró. Atẹ́gùn ni ó ń sọ ọ́ di àwọ̀ aró. Èédú sì wà fún ohun tí ó bá ní láti dúdú kirikiri.

Ère ìbejì ni ibi tí ó rọrùn jù láti rí bí àwọn ohun wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́. Ère kékeré ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ga ju nǹkan bí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 25 lọ. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, a ń tọ́jú ère náà bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tí ó wà láàyè: a ń wẹ̀ ẹ́, a ń fún un ní oúnjẹ, a ń fi osùn pa á lára, a sì ń fi wáji sí irun orí rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọwọ́ ìyá yóò ti fi ara pa iwájú orí, imú àti ikùn ère náà títí wọn yóò fi máa dán. Osùn yóò ku sínú kòtò ojú, ẹ̀gbẹ́ etí àti àárín ìka. Àbájáde rẹ̀ ni pé ibi tí ó jinlẹ̀ ṣókùnkùn, ibi tí ó yọ sókè sì mọ́lẹ̀; ilà tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ọ̀bẹ fà wá hàn kedere ju ti ọjọ́ tí ó gbẹ́ ẹ lọ. Kò sí ẹni tí ó jókòó pète èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni àwọn tí ó ń kun ère kéékèèké káàkiri ayé ń tẹ̀ lé títí di òní: àwọ̀ tí ó ṣókùnkùn lọ sínú kòtò, àwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ lọ sórí ibi tí ó yọ.

Nígbà tí òwò òkun gbilẹ̀, àwọ̀ tuntun wọlé. Ní ọdún 1828, Jean-Baptiste Guimet ní ilẹ̀ Faransé àti Christian Gmelin ní ilẹ̀ Jámánì fi ìmọ̀ kẹ́místrì ṣe àwọ̀ aró kan tí ó ti jẹ́ pé inú òkúta olówó iyebíye nìkan ni a ti ń rí i tẹ́lẹ̀. Láti ara rẹ̀ ni búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun ti wá. Kò pẹ́ tí búlúù yìí dé ọjà ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí lò ó dípò wáji lórí ère ìbejì, nítorí pé ó rọrùn láti rà, kò sì gba gígún tàbí rírẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀dà olóróro dé nínú agolo, pẹ̀lú àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè tí ó ń tàn ju ohunkóhun tí igbó lè pèsè lọ.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA TÍ Ó Ń DARÍ YÍYAN ÀWỌ̀

Ère Gẹ̀lẹ̀dé ni ó yẹ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé lórí rẹ̀ ni àwọ̀ ti pọ̀ jù. Ojú ènìyàn ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ó ní gèlè tàbí irun dídì. Lórí gèlè yìí ni gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbé ayé kékeré kan kalẹ̀: ejò tí ó bá ẹyẹ jà, obìnrin tí ó gbé ọjà rù, ọkùnrin lórí alùpùpù, ẹ̀rọ ìránṣọ, ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn ère kéékèèké wọ̀nyí ni ó ń fa ẹ̀rín àti ìyanu. Bí àwọ̀ wọn kò bá ṣe déédéé, òkìtì igi tí ó dàrú ni àwọn òǹwòran yóò máa wò.

Ìbéèrè kìíní ni: Ta ni ère náà? Àwọ̀ a máa sọ ìwà. Funfun jẹ́ ti Ọbàtálá, ó sì ń sọ nípa ìmọ́ra, sùúrù àti ọjọ́ ogbó. Pupa ń sọ nípa agbára àti gbígbóná. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun ni a fi ń mọ olùsìn Ṣàngó. Ẹni tí ó bá kun babaláwo tí ó jókòó jẹ́jẹ́ ní pupa fòò látòkè délẹ̀ ti sọ ohun tí kò pète láti sọ. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ojú ère kò ní láti jọ àwọ̀ ara ènìyàn. Ojú Gẹ̀lẹ̀dé kan lè pupa, òmíràn lè funfun. Ìwà ni àwọn òǹwòran ń kà níbẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni: Níbo, àti nígbà wo, ni a ó ti wò ó? Ìtàn Èṣù tí ó dé fìlà aláwọ̀ méjì kọjá láàrin oko àwọn ọ̀rẹ́ méjì kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Olúkúlùkù rí ẹ̀gbẹ́ kan, olúkúlùkù sì búra pé òun nìkan ni òun ń sọ òótọ́. Ẹni tí ó ń kun ère ní láti mọ ẹ̀gbẹ́ tí àwọn òǹwòran yóò dúró sí. Orí ni a ń gbé ère Gẹ̀lẹ̀dé lé, kì í ṣe iwájú ojú. Ìdí nìyí tí àwọn ère kéékèèké orí rẹ̀ fi ní láti hàn sí ẹni tí ó dúró ní ẹ̀yìn èrò àti sí ẹni tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́. Àkókò náà sì ṣe pàtàkì. Òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde láti kọrin, ọ̀sán ni Gẹ̀lẹ̀dé ń jó. Ojú ènìyàn kì í rí pupa dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ń kú lọ. Pupa ni ó ń kọ́kọ́ ṣókùnkùn bí ilẹ̀ bá ń ṣú, nígbà tí àwọ̀ aró ṣì ń hàn díẹ̀. Funfun ni ó ń pẹ́ jù kí ó tó pòórá. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé funfun ni a ń kun ère Ìyá tí í jáde lóru ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ìsìn ni ó yan funfun. Ojú ènìyàn sì jẹ́rìí sí i.

Ìbéèrè kẹta ni: Kí ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Níbí ni iṣẹ́ mímú àwọ̀ bá ara mu ti bẹ̀rẹ̀.

BÍ ÀWỌ̀ ṢE Ń BÁ ARA MU

Kò sí àwọ̀ tí í dá dúró. Ní ọdún 1824 ni a fi Michel-Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́místrì, ṣe olórí ibi tí a ti ń pa òwú láró ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ Gobelins ní ìlú Paris. Ẹ̀sùn kan dé etí rẹ̀ pé òwú dúdú wọn kò dúdú tó. Ó yẹ òwú náà wò, ó rí i pé kò sí àléébù lára rẹ̀. Àwọ̀ tí wọ́n hun mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ó ń mú kí ó dà bí ẹni pé ó ti ṣá. Ní ọdún 1839, ó tẹ ìwé kan jáde tí ó fi ṣàlàyé pé àwọ̀ méjì tí ó bá fara kan ara wọn yóò máa ti ara wọn jìnnà lójú ẹni: èyí tí ó mọ́lẹ̀ yóò túbọ̀ mọ́lẹ̀, èyí tí ó ṣókùnkùn yóò túbọ̀ ṣókùnkùn. Pupa a máa pọ́n sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ewé; àwọ̀ ìyeyè a máa tàn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ elésè àlùkò.

Ohun tí Chevreul fi ìwé sọ, ọwọ́ àwọn tí ó ń kun ère ti mọ̀ ọ́n. Bí ejò bá wé mọ́ gèlè aláwọ̀ aró, kò sí ẹni tí yóò fi èédú kun ejò náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ejò dúdú wà nínú igbó. Dúdú lórí dúdú ni yóò jẹ́. Ẹni tí ó dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 20 kò ní mọ̀ pé ejò wà níbẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè tàbí funfun ni yóò yàn fún un, yóò sì fi dúdú tọ́ ọ káàkiri. Bí ẹyẹ bá wà lẹ́nu ejò, pupa ni ó kù fún ẹyẹ. Àwọ̀ mẹ́ta, ohun mẹ́ta, kò sì sí èyí tí ó sọnù.

Láti inú àpẹẹrẹ yìí ni a ti lè rí ìlànà mẹ́rin tí ó wúlò fún ère kékeré gbogbo, ìbáà jẹ́ ti orí Gẹ̀lẹ̀dé, ìbáà jẹ́ èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi amọ̀ mọ.

(1) Bí ère bá ti kéré tó ni ìyàtọ̀ àárín àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Lára ère ńlá, oòrùn fúnra rẹ̀ a máa dá òjìji sí abẹ́ apá àti abẹ́ àgbọ̀n. Lára ère tí kò ju ìka lọ, òjìji náà kò tó nǹkan. Ọ̀dà ni yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

(2) Kí àwọ̀ kan jẹ́ ọba, kí àwọn yòókù jẹ́ ìjòyè. Bí pupa, ìyeyè, aró àti ewé bá gba ilẹ̀ ní ọgbọọgba, ojú òǹwòran kò ní mọ ibi tí yóò bà lé. Kí ọ̀kan gba èyí tí ó pọ̀ jù, kí èkejì gba díẹ̀, kí ẹ̀kẹta jẹ́ ìtọ́wò lásán.

(3) Àwọ̀ tí ó bá hàn ní ibì kan yẹ kí ó tún hàn ní ibòmíràn. Bí funfun bá wà ní ẹyin ojú, kí ó tún yọ ní etí gèlè tàbí ní ìyẹ́ ẹyẹ. Èyí ni ó ń so ère pọ̀ tí kò fi ní dà bí àkísà tí a lẹ̀ mọ́ra.

(4) Kí a pò ọ̀dà kí ó tó kan igi. Àwọ̀ tí ó jáde láti inú agolo sábà máa ń le jù lójú. Ẹ̀kán pupa díẹ̀ nínú àwọ̀ ewé yóò mú kí ó rọlẹ̀. Funfun díẹ̀ nínú pupa yóò mú kí ó mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀kán kan náà bá sì wọ inú gbogbo àwọ̀ tí a fẹ́ lò, wọn yóò dà bí ọmọ ìyá.

Mímú àwọ̀ bára mu tún ní ìtumọ̀ mìíràn ní agbo Gẹ̀lẹ̀dé. Méjì méjì ni àwọn oníjó sábà máa ń jáde, tí ère orí wọn jọ ara wọn bí ìbejì. Ọ̀dà tí a fi kun ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti èkejì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́n a máa po ọ̀dà tí yóò tó ère méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ó ṣòro púpọ̀ láti tún irú àwọ̀ kan náà pò lẹ́yìn tí àkọ́kọ́ ti tán. Yóò sì dúró kí ó gbẹ kí ó tó ṣe ìdájọ́, nítorí pé àwọ̀ tútù àti àwọ̀ gbígbẹ kì í sábà rí bákan náà.

ṢÉ Ọ̀DÀ TUNTUN TI BA IṢẸ́ ÀTIJỌ́ JẸ́?

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni àríyànjiyàn pọ̀ sí jù. Àwọn kan sọ pé osùn àti wáji ní ọ̀wọ̀ tí ọ̀dà inú agolo kò ní. Pé ère tí ń dán yanranyanran kò lè jẹ́ ti ìbílẹ̀. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Osùn tí ìyá fi pa ère ìbejì kì í ṣe ọ̀dà, ìtọ́jú ni. Bí a bá fi ọ̀dà olóróro bò ó mọ́lẹ̀, kì í ṣe àwọ̀ nìkan ni ó yí padà. Ohun tí ọwọ́ ìyá ṣe fún ọdún pípẹ́ ni a bò mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti Gẹ̀lẹ̀dé yàtọ̀. Ọ̀tun ni a ń fẹ́ níbẹ̀. Àwọn ìyá wa ni ìran náà ń bu ọlá fún, kò sì sí ẹni tí í gbé aṣọ àná lọ bu ọlá fún àgbà. Ẹni tí ó gbé alùpùpù àti ọkọ̀ òfuurufú sórí ère kò lè ṣàìgba ọ̀dà tí ó bá wọn dé. Ìlànà kò yí padà: ìwà, ibi ìwòran àti aládùúgbò ni a ṣì fi ń yan àwọ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọdún 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dé gẹ́gẹ́ bí ogún ìṣẹ̀ṣe tí ó tọ́ sí gbogbo ayé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ wọn ní ọdún 2008 fún Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ijó, orin, aṣọ àti ère tí ó wà láàyè ni wọ́n kọ sílẹ̀, kì í ṣe igi tí ó gbẹ.

Ohun tí ó léwu ju ọ̀dà tuntun lọ ni ọwọ́ tí ń ha àwọ̀ kúrò. Ọ̀pọ̀ ère ilẹ̀ Áfíríkà ni a ti fọ̀, tí a ha, tí a sì fi òróró pa, nítorí pé àwọn olùrà kan gbà pé igi lásán ni ẹwà rẹ̀. Ẹni tí ó ha ère bẹ́ẹ̀ ti sọ ẹ̀rí nù. Bí ère kan bá ní ìpele àwọ̀ mẹ́wàá lórí ara wọn, ìtàn ni ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí a bá rí búlúù Guimet nínú ọ̀kan, a mọ̀ pé ìpele náà kò lè ṣáájú ọdún 1828. Òpó tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ọgọ́gà ní Ìkẹ́rẹ́ láàrin ọdún 1910 sí 1914, tí ó wà ní ilé ọnà ní ìlú Chicago báyìí, ṣì ní àwọ̀ lára. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ó ti rí lójú Ọgọ́gà, àwọ̀ díẹ̀ tí ó kù yẹn ni yóò bi léèrè.

Kò sì sọ pé gbogbo ère ni a gbọ́dọ̀ kùn. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ Lamidi Fakeye, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tí ó fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2009, ni kò ní ọ̀dà lára. Inú ilé àti ìtòsí ni a ti ń wò wọ́n, níbi tí ojú ti lè tẹ̀ lé ojú ọ̀bẹ lára igi. Ìbéèrè kejì ni ó dáhùn fún un.

IṢẸ́ OLÙKỌ́

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí wọ akẹ́kọ̀ọ́ lára kò nílò owó púpọ̀. Kí ó jẹ́ kí wọ́n fi amọ̀ mọ ère kékeré mẹ́ta tí ó jọ ara wọn. Kí wọ́n kun èkínní pẹ̀lú ẹfun, osùn àti èédú nìkan. Kí wọ́n kun èkejì pẹ̀lú gbogbo àwọ̀ tí ó wù wọ́n. Kí wọ́n dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n tó kun ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà, kí a gbé wọn sí òpin gbàgede, kí a wò wọ́n ní ọ̀sán gangan, kí a sì tún wò wọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Bí ọ̀dà inú agolo ni wọn yóò bá lò, kí olùkọ́ rí i pé èyí tí kò ní òjé nínú ni, nítorí pé májèlé ni òjé jẹ́ fún ọmọdé àti àgbà.

Àwọn àgbà ní, ojú tí ó bá rí Gẹ̀lẹ̀dé ti dé òpin ìran. Ẹni tí ó bá ti ṣe ìdánwò yìí yóò mọ̀ pé igi àti ọ̀bẹ nìkan kọ́ ni ó gbé ojú dé ibẹ̀. Ẹnìkan ti jókòó ṣáájú, ó ti ronú nípa ẹni tí ère náà jẹ́, ibi tí èrò yóò dúró sí, àti àwọ̀ tí yóò bá èkejì gbé pọ̀, kí ó tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà.